Ààtàn, ẹran ọ̀sìn, ìdin, ajílẹ̀ tàbí bayógáàsì: èwo ló yẹ oúnjẹ àjẹkù ilé ìtajà yín?

Oúnjẹ tí wọ́n dà nù nínú mọ́ọ̀lù, òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ọ́fíìsì ńlá ní Èkó kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ PSP bá gbé e kọjá ní géètì. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ, irú èyí tó wà ní Olúṣọ́sùn, Ọjọ́ta, tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí lé lórí láti 1992. Bí ìdọ̀tí tuntun bá ti bo ìrẹsì àti ẹ̀bà àná mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí, tí wọn ò nílò afẹ́fẹ́, ló máa jẹ ẹ́, gáàsì mẹ́tẹ́ènì ni wọ́n sì máa tú jáde. Tí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n, kílò kan irú mẹ́tẹ́ènì bẹ́ẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 27 CO2, gáàsì tó ń ti inú èéfín jáde.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mo tẹ̀lé ìlànà IPCC, àjọ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé. Tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ tútù ní nǹkan bíi kílò 150 kábọ́ọ̀nù tó lè jẹrà, a sì máa ń gbà pé ìdajì rẹ̀ ló ń jẹrà lóòótọ́. Nínú ààtàn tó jìn, tí ẹnikẹ́ni ò bójú tó, èyí á di nǹkan bíi kílò 40 mẹ́tẹ́ènì, tó já sí kílò 1,080 CO2. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan nínú jẹnẹrétọ̀ ń tú bíi kílò 2.7 jáde. Ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan lórí ààtàn tó lítà 400 dísẹ́ẹ̀lì. Ooru àti òjò ilẹ̀ wa tún ń mú un yá: níbi tó gbóná tí òjò sì pọ̀ bíi tiwa, ìdajì gáàsì yẹn á ti jáde kí ọdún méjì tó pé.

Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbé e, ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti jẹrà, síbẹ̀ inú ìwé ìṣirò yín ló ń jókòó sí. Lábẹ́ GHG Protocol, ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò gáàsì wọn, Scope 3 ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìyẹn ìtújáde tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí iṣẹ́ yín, ní category 5, ìyẹn ìdọ̀tí tó ti inú iṣẹ́ ẹni jáde. Òfin Climate Change Act ti Nàìjíríà ní 2021 ti sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ ní ètò fún dídín ìtújáde rẹ̀ kù. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ọ̀rọ̀ wọn kan ará ìlú, ìròyìn nípa ojú ọjọ́ ń bọ̀ wá di dandan ní 2028 nínú ètò tí FRC, àjọ tó ń bójú tó ìròyìn ìnáwó ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ti là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan ilé ìtajà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05 oúnjẹ tí UNEP, àjọ UN fún àyíká, ṣírò pé ó ṣòfò lágbàáyé ní 2022, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà wá. Inú ilé ìdáná àwọn ará ilé ni èyí tó kù ti ṣòfò.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ wo inú ike

Ẹ ní kí wọ́n da ike ìdọ̀tí gbàgede ìjẹun sórí tapólì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ sì dúró tì í. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, egungun adìyẹ tí wọ́n jẹ kù, ewé mọ́ínmọ́ín, tíṣù tó ti rin gbingbin, igi ìtayín, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí omi ṣì kù nínú rẹ̀, ìdérí ìgò. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, kí ẹ ṣí ike tibẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́, èèpo àlùbọ́sà, tàtàsé tó ti rà: ó mọ́, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀, ẹran ò sì kàn án. Lálẹ́, kí ẹ wo ìdí kúlà àwọn olóúnjẹ. Ìrẹsì àti ẹran tí wọn ò tíì bù fún ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, tó ṣì gbóná.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀nà tó yẹ kálukú wọn ò sì dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ alámòójútó ilé ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí ẹnì kan wá tà fún wọn, wọ́n á tó wá máa wá oúnjẹ tó bá ẹ̀rọ náà mu. Ẹ ra òṣùwọ̀n àgbékọ́ bíi tàwọn ẹlẹ́ran, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, àbá lásán ni gbogbo ohun tó kù.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Gbogbo gáàsì inú tábìlì yìí la ti yí sí kílò CO2 fún tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oúnjẹ ti di àjẹkù nìkan ló wà níbẹ̀. Bayógáàsì ni gáàsì ìdáná tó ń jáde lára oúnjẹ tó ń jẹrà nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀.

| Ọ̀nà | Ìtújáde | Ohun tó bá a mu | Ohun tó ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ààtàn | bíi 1,080 | kò yan nǹkan | kò sí ẹni tó ń gba gáàsì rẹ̀ |
| Ajílẹ̀ | bíi 175 | èèpo, ẹ̀fọ́, èso | omi tó pọ̀ jù, ọ̀rá |
| Bayógáàsì | 20 sí 60 | oúnjẹ sísè, èso | gáàsì tó ń jò, oúnjẹ tó ń wá ségesège |
| Ẹran ọ̀sìn àti ìdin | kéré, bí wọ́n bá tètè jẹ ẹ́ | èèpo fún ewúrẹ́, àjẹkù fún ìdin | àrùn, egungun, ọ̀rá |
| Kó má ṣòfò rárá | kò sí | oúnjẹ tí a ò tíì sè | àṣà ilé ìdáná |

Ti ajílẹ̀ ga ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí pé òkìtì tó ń jẹrà ń tú mẹ́tẹ́ènì díẹ̀ jáde, ó sì tún ń tú gáàsì nitrous oxide, tó lágbára gan-an láti mú ayé gbóná. Síbẹ̀ náà, bí ẹ bá fi wé ààtàn, ó ti lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ ti gé kúrò.

Kó má ṣòfò, tàbí ká fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́

Ẹ̀kẹta nínú nǹkan mẹ́ta yẹn, ìyẹn oúnjẹ ìdí kúlà alẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí. Kílò ìrẹsì kan ti náni ní nǹkan bíi kílò 4 CO2 kó tó dé ìkòkò, nítorí pé oko ìrẹsì tí omi bò ń tú mẹ́tẹ́ènì jáde. Ẹran màlúù máa ń ju kílò 50 lọ fún kílò kan. Ẹ fi èyí wé kílò 1 péré tí kílò oúnjẹ kan ń fà lórí ààtàn. Ẹran tí wọ́n sè tí wọ́n sì dà nù ti ṣe ibi rẹ̀ kó tó dé inú ike, bayógáàsì tó dára jù láyé ò sì lè dá ìyẹn padà.

Ìṣòro onílé ni pé kì í ṣe òun ló ń sè é. Ayálégbé ló ń sè. Bí ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù ṣe ń gba service charge tún ń dá kún un: bí ṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó, nítorí náà ẹni tó ń da kílò 80 nù lójúmọ́ àti ẹni tó ń da 10 nù ń san owó kan náà bí ṣọ́ọ̀bù wọn bá dọ́gba. Ìyẹn ò dáa. Ní Kòríà Gúúsù, wọ́n fòfin de dída oúnjẹ sí ààtàn láti 2005, láti 2013 ni wọ́n sì ti ń gba owó rẹ̀ ní kílò kílò. Kò dìgbà tí ìjọba bá ṣòfin kí onílé tó lè ṣe irú ẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀: kí ike kálukú ní àmì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lórí bíìlì oṣooṣù. Kódà bí ẹ ò bá tíì fi owó sí i, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ayálégbé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó rí kílò tirẹ̀ àti àárín kílò gbogbo olóúnjẹ tó wà níbẹ̀. Olóúnjẹ mọ iye tí àpò ìrẹsì jẹ́ lọ́jà báyìí. Bó bá rí i pé kílò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ti ìdí kúlà òun lọ sínú ike, òun fúnra rẹ̀ á dín ìkòkò aago méjì ọ̀sán kù, á máa se díẹ̀díẹ̀ bí oníbàárà ṣe ń wọlé.

Èyí tó bá ṣì kù, tí wọn ò tíì bù, èèyàn ló yẹ kó jẹ ẹ́. Ebi ń pa èèyàn ní ìlú yìí, kò sì yẹ kí ìrẹsì tó mọ́ wà nínú ike nígbà tí ọmọ kan ń sùn láìjẹun ní àdúgbò kejì. Ní Èkó, Lagos Food Bank Initiative wà lára àwọn tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ láti pín fún aláìní. Búrẹ́dì, agolo àti ẹ̀fọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù láti fún wọn. Nílẹ̀ Faransé, láti 2016, súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ̀ ju mítà 400 níbùú lóròó lọ ò gbọ́dọ̀ ba oúnjẹ tó ṣì ṣeé jẹ jẹ́. Àdéhùn ló gbọ́dọ̀ ní pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàánú. Oúnjẹ sísè ló gba ìṣọ́ra. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ni pé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, bó bá sì máa pẹ́, kó gbóná ju 60°C lọ tàbí kó tutù dé ìsàlẹ̀ 5°C. Bí kò bá sí ẹni tó lè gbé e láàárín wákàtí méjì yẹn, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tó wà lórí abọ́ ẹni tó ti jẹun tán ò sí lára ohun tí à ń fúnni, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ìdin

Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ní oníbàárà tipẹ́. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn máa ń wá gbé e lẹ́yìn bùkátéríà láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ètò ojú ọjọ́. Ohun tó kù fún onílé ni láti jẹ́ kí ó mọ́, kó wọ̀n ọ́n, kó sì jẹ́ kí ẹni kan náà máa wá lójoojúmọ́. Owó tó ń náni ò tó nǹkan, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó tètè ń so èso bẹ́ẹ̀. Èèpo gbágùúdá nìkan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: májèlé wà nínú tútù rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sá a gbẹ kí ẹran tó jẹ ẹ́.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Oúnjẹ àjẹkù tí ẹran wà nínú rẹ̀ lè gbé kòkòrò àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà láti ibì kan dé ibòmíràn. Àrùn yìí kò ní oògùn. Ní 2020 ó wọ ibùdó àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ ní Òkè-Aró, ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìdílé tó fi ìgbésí ayé wọn sórí iṣẹ́ náà sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é láti 2001 pé kí wọ́n má fún ẹlẹ́dẹ̀ ní àjẹkù ilé oúnjẹ, lẹ́yìn tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ti ba ọ̀sìn wọn jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ sè é kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, igi ìdáná tí yóò fi sè é náà sì ń tú èéfín. Níwọ̀n bí ìdin ti wà, èmi ò rí ìdí tí mọ́ọ̀lù á fi kó abọ́ àjẹkù fún ẹlẹ́lẹ́dẹ̀.

Ìdin tí mò ń sọ ni ti eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní black soldier fly. Ó ń jẹ ìrẹsì, ẹ̀bà, ẹran, èso tó ti rà, kódà ọbẹ̀, bí kò bá ti ṣomi jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti sanra tó láti kó. Èròjà amúaradàgbà (protein) tó wà nínú gbígbẹ rẹ̀ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni àwọn tó ń sin adìyẹ àti ẹja àrọ̀ fi ń wá a lójú méjèèjì nísinsìnyí tí oúnjẹ ẹja ti gbówó lórí. Ìgbẹ́ rẹ̀ tún ń di ajílẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé eṣinṣin á kún gbogbo ọgbà. Eṣinṣin yìí ò dà bí ti inú ilé, torí pé kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn tó bá ti ní ìyẹ́, kò sì ní ohun tó ń wá lórí oúnjẹ èèyàn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe é nínú ọgbà yín. Ẹni tó ń sìn ín ní oko ni kí ẹ wá. Ọgbà Songhai ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ti fi hàn láti ọjọ́ pípẹ́ bí ìdin, ẹja, ẹran ọ̀sìn àti bayógáàsì ṣe lè máa jẹ lára ara wọn lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń rò ó pé àlá lásán ni, kó lọ ibẹ̀ lọ wò ó, kò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀.

Ajílẹ̀ tàbí bayógáàsì

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń le, torí pé àwọn méjèèjì lè gba oúnjẹ tó pọ̀, àwọn méjèèjì sì lè bà jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ajílẹ̀ kò ní ẹ̀rọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gba ilẹ̀ àti apá. Oúnjẹ wa ṣomi, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ò sì pọ̀ tó bó ṣe yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náítírójìn, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun gbígbẹ sí i: ewé gbígbẹ, tàbí ìyẹ̀fun igi láti sọ́mììlì, títí tí kábọ́ọ̀nù á fi tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, omi díẹ̀ ló yẹ kó kán, kó má ṣàn. Àárín òkìtì náà gbọ́dọ̀ gbóná ju 55°C lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí kòkòrò àrùn tó kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí i. Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ sí i láìsí òrùlé, ó ti di ààtàn kékeré nìyẹn, òórùn rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wá rajà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó bọ́ sínú rẹ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sì ní ṣeé ṣà kúrò mọ́. Bí ẹ bá máa ṣe é, èèpo ilé ìdáná nìkan ni kí ẹ kó wá, kí ẹ fi abọ́ àjẹkù sílẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa: ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter ní Bódìjà, Ìbàdàn, láti inú ìdọ̀tí ọjà àti ti ilé ìpẹran ni wọ́n ti ṣe tiwọn. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni ta ni yóò kó o lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní ọgbà òdòdó lè lo tirẹ̀. Mọ́ọ̀lù tó jẹ́ kọnkéré láti géètì dé géètì gbọ́dọ̀ ti bá àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì tàbí àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bayógáàsì gba owó lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń dá nǹkan padà. Tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan lè mú nǹkan bíi mítà 100 gáàsì jáde, ní ìwọ̀n níbùú, lóròó àti ní gíga, agbára rẹ̀ sì tó ti kílò 46 gáàsì ìdáná. Ẹ jẹ́ ká mú un sún mọ́lé. Ilé tó ń rí kílò 100 oúnjẹ lójúmọ́, gáàsì rẹ̀ lóṣù kan á tó sílíńdà kílò 12.5 mọ́kànlá. Ooru ilẹ̀ wa náà jẹ́ àǹfààní: àwọn kòkòrò inú táǹkì fẹ́ràn 30 sí 38°C, àwọn ará Yúróòpù gbọ́dọ̀ dáná sí tiwọn, a ò nílò rẹ̀. Wọ́n ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ọjà èso Ìkòsí ní Kétu, èrò wọn sì dára, torí pé níbi tí ọ̀sàn, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ń rà lójoojúmọ́, oúnjẹ ẹ̀rọ ò lè tán.

Táǹkì náà dà bí inú màlúù: ìgbẹ́ màlúù ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá sì fún un ní oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ò jẹ nǹkankan, á kan, gáàsì á sì dáwọ́ dúró. Òróró ọbẹ̀ tó bá pọ̀ lójijì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni oúnjẹ ń pọ̀ níbẹ̀ kò fi yẹ fún bayógáàsì. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n ó pọ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ da sí gọ́tà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í sọ tó. Gáàsì tí ẹ mú jáde tí ẹ ò sun, tí páìpù ń jò tàbí tí wọ́n ń ṣí dà nù nítorí pé ilé ìdáná ò ṣe tán láti lò ó, mẹ́tẹ́ènì náà ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ báyẹn, tọ́ọ̀nù kan á tú kílò 1,160 CO2 jáde, ó tiẹ̀ ju ti ààtàn lọ díẹ̀. Bó bá ń jo ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ wà ní nǹkan bíi 60. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè ibi tí iná ìsundànù wà, àti ẹni tí yóò máa yẹ páìpù wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí olùtajà ò bá ní ìdáhùn, ajílẹ̀ lábẹ́ òrùlé sàn ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Nínú ìwé ìṣirò, ọ̀nà méjèèjì ń dín Scope 3 yín kù. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá fi bayógáàsì rọ́pò gáàsì ìdáná tirẹ̀, Scope 1 rẹ̀, ìyẹn gáàsì tí òun fúnra rẹ̀ ń tú jáde, náà á wálẹ̀. Bí ilé ìdáná ayálégbé ló ń lò ó, ti ayálégbé nìyẹn. Ẹ má yọ àǹfààní ajílẹ̀ lóko ẹlòmíràn kúrò nínú nọ́ńbà yín. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ méjì tí mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti rà

Ọ̀kan ni ẹ̀rọ oníná tó ń gbẹ oúnjẹ láàárín alẹ́ kan, tí wọ́n ń tà bí ẹni pé ajílẹ̀ ló ń ṣe. Oúnjẹ wa jẹ́ omi tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti sọ kílò 700 omi inú tọ́ọ̀nù kan di oru omi nìkan, ó gbà tó kilowatt-hour 440, ká má tíì sọ ti ooru tó ń sá lọ. Lórí jẹnẹrétọ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 150 dísẹ́ẹ̀lì, tó já sí nǹkan bíi kílò 400 CO2 tí ẹ fúnra yín tú jáde nínú ọgbà yín, lábẹ́ Scope 1. Ohun tó kù nínú ẹ̀rọ kò tíì jẹrà. Bó bá dé ààtàn tí òjò pa á, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ alọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí síńkì. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, inú sọkawéè ni omi wọn ń lọ. Mẹ́tẹ́ènì ni sọkawéè náà ń ṣe, ọkọ̀ tó ń kó o á sì máa wá léraléra.

Ní ti ìrìnnà, ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró. Ọkọ̀ tó kó tọ́ọ̀nù márùn-ún, tó rin kìlómítà 40 ní àlọ àti àbọ̀, ń jó nǹkan bíi lítà 14. Ìyẹn ò ju kílò 8 CO2 lọ fún tọ́ọ̀nù kan. Kódà bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta nítorí gó-síló, kò ju 24 lọ. Oko tó dára ní Ìkòródù tàbí Ẹ̀pẹ́ sàn ju ààtàn tó wà lẹ́yìn ilé yín lọ.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin

Ilé ọ́fíìsì tí kò ní ju kántíìnì kan lọ: kí ẹ bá kántíìnì sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò, èèpo fún ewúrẹ́, abọ́ àjẹkù fún onídin, ó parí. Ẹ má ra ẹ̀rọ kankan.

Mọ́ọ̀lù tó ní gbàgede ìjẹun: kílò kálukú lórí bíìlì rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́, onídin ni ìkejì. Ẹ dúró fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó ronú nípa bayógáàsì, torí pé bí ìwọ̀n bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oúnjẹ tó máa kù lè má tó bọ́ táǹkì.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ni mo rò pé bayógáàsì yẹ jù. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni, ọ̀gá kan ló ń darí rẹ̀, oúnjẹ ń wá lójoojúmọ́ títí kan Sunday, gáàsì sì ní ibi tó ń lọ. Òun náà ló ní ọgbà tí omi ajílẹ̀ lè bọ́.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ: gbogbo agbára yín lórí ìfúnni kí aago wákàtí méjì tó pé. Kí àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ń sè oúnjẹ òde wà nínú ìwé tí ẹni tó gba gbọ̀ngàn fọwọ́ sí, kì í ṣe ohun tí à ń wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ní aago méje alẹ́. Egungun àti abọ́ àjẹkù, onídin lè wá kó o láàárọ̀ Sunday.

Ẹ̀yin ará wa tó ní ilé oúnjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ti yan apá kan fún yín. Láti 31 March 2025, ibi iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 10 sókè ní England gbọ́dọ̀ ya oúnjẹ àjẹkù sọ́tọ̀. Àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ní títí di 31 March 2027. Ní Wales, láti April 2024, ẹni tó bá ti ń dà ju kílò 5 lọ lọ́sẹ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n yíya oúnjẹ sọ́tọ̀ ò dín ẹran tí ẹ rà kù. Òṣùwọ̀n tí mo sọ lókè wúlò ní Peckham bó ṣe wúlò ní Ìkẹjà.

Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Bí ẹnì kan bá bi yín pé ibo ni oúnjẹ yín lọ, "wọ́n ti wá kó o" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó kó o lè dà á sí odò. Nínú àdéhùn pẹ̀lú akólẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó ń lọ, kí wọ́n kọ pé ẹ lè yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí rìsíìtì tó ní kílò àti déètì sì máa tẹ̀lé ẹrù kọ̀ọ̀kan. Nínú agírímẹ́ǹtì ayálégbé tuntun, ẹ fi ìlà mẹ́ta sí i: pé á máa ya oúnjẹ sọ́tọ̀ sí ike mẹ́ta, pé wọ́n á máa wọ̀n ọ́n lórúkọ rẹ̀, àti pé ike tí wọ́n bá bá ọ̀rá nínú rẹ̀, ìdọ̀tí lásán ni wọ́n á kà á sí, á sì san owó rẹ̀. Àwọn ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé wọn ṣe ni kí ẹ gbé e síwájú wọn. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ tó sì ń tú ike náà, kí ẹ fún wọn ní ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi owó kún owó iṣẹ́ wọn láti oṣù tí ìwọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ọwọ́ wọn ni gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa kọ sínú ìròyìn yín ti ń jáde.